Awọ àti Àwọ̀: Àrùn Kòrónà àti Kíkà Ara Dúdú ní Lekki àti Ajah



Nínú èdè wa, ohùn nìkan ni ó ya awọ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀. Awọ ni ohun tí ó bo ẹran ara. Àwọ̀ ni ohun tí ojú ń rí lára rẹ̀. Ẹni tí kò bá fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nígbà tí ó ń kọ̀wé yóò ka ọ̀kan sí èkejì. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ni pé ìmọ̀ ìṣègùn náà ṣe irú àṣìkà yìí nígbà tí àrùn Kòrónà dé. Ó mú àwọ̀ kan ṣoṣo, ó sì fi ka gbogbo awọ. Ní ilẹ̀ Lekki àti Ajah, níbi tí àrùn náà ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín wa, àṣìkà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹnì kan lọ́wọ́ ìdílé mi.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń béèrè ohun tí ó kan onímọ̀ lítíréṣọ̀ nínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n ka ohun tí a kọ, kí n sì wádìí ẹni tí a kọ ọ́ fún. Àrùn a máa kọ̀wé sára ènìyàn, oníṣègùn a sì máa kà á. Bí òǹkàwé bá kọ́ èdè kan ṣoṣo, ó yẹ kí a béèrè ohun tí ó ń fò kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀. Láti ibi tí Victoria Island parí sí, títí dé Ajah, kí ó tó kọjá lọ sí ìhà Ìbẹ́jú àti Ẹ̀pẹ́, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí òkun wà ní gúúsù rẹ̀, tí ọ̀sà sì wà ní àríwá. Ní ọdún 1962, nígbà rògbòdìyàn Ìwọ̀-Oòrùn, ibẹ̀ ṣì jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ìlú Lekki ni ìjọba mú Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ nígbà tí wọ́n fẹ́ sé e mọ́. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun wó Màròkó, wọ́n sì lé àwọn ará ibẹ̀ kúrò. Àwọn kan nínú wọn rí àyè sí ní Ilasan àti Ikota, àwọn yòókù fọ́n ká. Lẹ́yìn náà ni ilé olówó gba orí iyanrìn. Lónìí, ẹni tí ń gbé inú ọgbà onígéètì àti ẹni tí ń pẹja ní etí ọ̀sà Badore ń gba ojú ọ̀nà kan náà, wọ́n sì ń ra ata ní ọjà Ajah kan náà. Ṣùgbọ́n ẹni àkọ́kọ́ nìkan ni ó ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí London àti Milan.

Milan ni ó gbé ọ̀ràn náà dé. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020, a fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní Èkó pé ará Italy kan tí ó ti Milan wọlé ní ọjọ́ méjì ṣáájú ní àrùn Kòrónà. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí a rí àrùn náà lára rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà ní gúúsù Sàhárà. Ilé ìwòsàn àrùn tí ń ràn ní Yaba ni wọ́n ti tọ́jú rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Redeemer's University ní Ẹdẹ ti ka àbùdá kòkòrò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Ìwé kíkà ni ìyẹn náà, àwọn ènìyàn wa sì kà á yanjú. Ara aláìsàn ni a kò rí ẹni kà dáadáa.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta, kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ní Ògùn àti ní Abuja. Ní àwọn oṣù àkọ́kọ́ yẹn, Etí-Ọ̀sà, ìjọba ìbílẹ̀ tí Lekki àti Ajah wà nínú rẹ̀, ni iye àwọn tí a rí àrùn náà lára wọn ti pọ̀ jù lọ ní Èkó. Kí a ṣọ́ra bí a ṣe ń túmọ̀ èyí o. Àwọn tí wọ́n ti òkè òkun dé àti àwọn tí wọ́n bá wọn pàdé ni a kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé. Iye tí a kà kì í ṣe iye tí ó ṣàìsàn.

Lombardy ni orúkọ agbègbè tí Milan wà. Ní agbègbè kan náà, ní ìlú Lecco, oníṣègùn awọ kan tí ń jẹ́ Sebastiano Recalcati kọ̀wé ní oṣù kẹta ọdún náà pé nínú aláìsàn Kòrónà 88, àwọn 18 ni nǹkan yọ sí lára. Ibi tí àrùn náà ti bọ́ sí Èkó ni àkọ́kọ́ ìwé nípa awọ náà ti jáde. Kò pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ní Spain kó aláìsàn 375 jọ, tí wọ́n sì pín ohun tí wọ́n rí sí ọ̀nà márùn-ún. Àwọn tí ó pọ̀ jù, ìdá 47 nínú ọgọ́rùn-ún, ni ara wọn sú wẹ́wẹ́. Ti àwọn ìdá 19 lé bí ti ẹni tí èsìsì jó. Ìdá 19 mìíràn ni ọmọ ìka ẹsẹ̀ tàbí ti ọwọ́ wọn wú, tí ó pọ́n, tí ó sì di elésè àlùkò, gẹ́gẹ́ bí òtútù ti ń ṣe àwọn ará Europe nígbà òjò dídì. Ìdá 9 ní kókó kéékèèké tí omi wà nínú rẹ̀. Ìdá 6 tí ó kù, àwọn tí àìsàn wọn le jù, ní ilà lára bí ojú àwọ̀n apẹja, tàbí kí ẹran ara wọn máa kú níbì kan.

Báwo ni àrùn tí ń gba imú wọlé ṣe ń dé ọmọ ìka ẹsẹ̀? Ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ni. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wà nínú awọ tín-ín-rín ju irun orí lọ, ìpele sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni ó sì tẹ́ inú rẹ̀ bí ẹní. Ẹní yìí kì í ṣe ẹní lásán. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan. Òun ni ó ń pinnu omi tí yóò jò sí ara àti èyí tí yóò dúró. Òun ni ó ń bá iṣan sọ̀rọ̀ kí ó fẹ̀ nígbà ooru, kí ó sì súnkì nígbà òtútù. Kòkòrò Kòrónà, ní tirẹ̀, ní kọ́kọ́rọ́ tí ó bá ilẹ̀kùn kan mu lára sẹ́ẹ̀lì wa, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ACE2. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, àwọn oníṣègùn ní Zürich kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn The Lancet pé àwọn rí i lára àwọn tí àrùn náà mú pé ẹní inú iṣan ti wú, ó sì ti ń kú. Awuyewuye wáyé lórí bóyá kòkòrò náà fúnra rẹ̀ ni ó ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì iṣan, tàbí ogun tí ara ń bá a jà ni ó ń wó ògiri ilé ara. Nínú ohun tí mo ti kà, ti ogun yìí ni ẹ̀rí rẹ̀ pọ̀ jù.

Bí ẹní náà bá bàjẹ́, ohun mẹ́ta lè ṣẹlẹ̀ nínú awọ. Omi lè jò jáde, kí ara sì lé. Ẹ̀jẹ̀ lè dì, kí ó dí ojú iṣan tí ń gòkè wá sí awọ. Ẹ̀jẹ̀ tí ó kù yóò wá sùn sí àyíká ibi tí ó dí, òun sì ni ó ń ya ilà àwọ̀n tí àwọn ará Spain rí. Tàbí kí ara, nínú ìgbónára rẹ̀, da ohun ìjà kan tí a ń pè ní interferon sílẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, kí ìka ẹsẹ̀ wú. Ti ìka ẹsẹ̀ yìí rú àwọn onímọ̀ lójú. Àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le ni ó ń ṣe jù, bí a bá sì yẹ̀ wọ́n wò, ọ̀pọ̀ ìgbà ni a kì í rí kòkòrò náà lára wọn. Àwọn kan ní ara wọn ti tètè lé e lọ ni; àwọn mìíràn ní kónílé-ó-gbélé ni ó jẹ́ kí àwọn ọmọ Europe máa rìn láìwọ bàtà lórí ilẹ̀ títutù nínú ilé. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka èyí, nítorí pé ní Ajah, ta ni ń wọ bàtà nínú ilé?

Ṣùgbọ́n ìwé tí ó mú mi dúró ti New York wá. Cynthia Magro àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ aláìsàn márùn-ún wò tí èémí wọn ti ń kùnà. Nínú awọ àwọn kan nínú wọn, wọ́n bá ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan wẹ́wẹ́, wọ́n sì bá ohun ìjà ara tí a ń pè ní complement tí ó lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan, gẹ́gẹ́ bí ó ti lẹ̀ mọ́ ọn nínú ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n wá gé díẹ̀ níbi tí ojú kò rí nǹkan kan, níbi tí awọ dán geere. Wọ́n bá a níbẹ̀ pẹ̀lú. Èyí túmọ̀ sí pé ìbàjẹ́ wà nínú awọ tí kò ní àmì. Bí ó bá lè rí bẹ́ẹ̀ fún ara tí ó jẹ́ pé ojú oníṣègùn mọ̀ ọ́n kà, mélòó mélòó ni ti ara tí kò mọ̀ ọ́n kà?

Pípọ́n ni ìpìlẹ̀ gbogbo ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ̀jẹ̀ pọ́n, bí iṣan bá fẹ̀, awọ funfun yóò pọ́n, nítorí pé ó dà bí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ta bo àtùpà. Nínú awọ wa, èròjà dúdú tí Ọlọ́run fi dáàbò bò wá lọ́wọ́ oòrùn wà lókè iṣan. Ohun tí ó pọ́n lára ará Lecco lè jẹ́ dúdú tí ó jinlẹ̀ díẹ̀ lára ará Ajah, tàbí kí ó ṣe bí àlùkò, tàbí bí eérú, tàbí kí ojú má rí nǹkan kan rárá. Ní ọdún 2020 kan náà, Jenna Lester ní California àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ìwé tí wọ́n ti jáde lórí awọ àti Kòrónà jọ, wọ́n sì ka àwòrán tí ó wà nínú wọn. Àwòrán 130 ni. Ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ ti àwọn tí awọ wọn mọ́lẹ̀. Nínú ìpele méjì tí ó dúdú jù lọ, a kò rí ẹyọ kan. Ìwọ̀n tí wọ́n fi pín awọ sí ìpele yìí pàápàá ní ìtàn: Thomas Fitzpatrick ni ó ṣe é ní Harvard ní ọdún 1975, láti fi mọ bí oòrùn ṣe ń jó awọ funfun, lẹ́yìn náà ni a tó wá fi àwa dúdú kún un ní ìsàlẹ̀.

Èyí kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí àjàkálẹ̀-àrùn gba etíkun Èkó wọlé, ìtàn ti ìṣáájú sì ṣe pàtàkì fún ohun tí mo ń sọ. Ẹ wo ṣọ̀pọ̀ná. Ìgbóná ni Yorùbá ń pè é. Ọwọ́ tí ó kan ara aláìsàn ni ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, kí ojú tó dá sí i. A pè é ní Ilẹ̀ẹ́gbóná, a pè é ní Olóde, a sì pè é ní Alápadúpẹ́, nítorí pé bí ó bá pa ènìyàn, ẹbí rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe ju kí wọ́n dúpẹ́ lọ. Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà, tí ó ti ń jẹ́ Williams kí ó tó yí orúkọ padà, fi ọgbọ́n wọ inú ẹgbẹ́ àwọn abọrẹ̀ rẹ̀, ohun tí ó rí níbẹ̀ sì wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba fi òfin de ẹgbẹ́ náà. Ọdún 1970 ni a rí i kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ọdún 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán láyé. Ojú bàbá mi àgbà ni èmi ti mọ̀ ọ́n: ihò kéékèèké tí ó kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, tí a máa ń fi ìka wa tọ̀ nígbà tí a wà lọ́mọdé. Kò sí awọ tí ṣọ̀pọ̀ná kò hàn lára rẹ̀, dúdú tàbí funfun, nítorí pé ṣe ni ó ń gbẹ́ awọ bí oníṣọ̀nà ti ń gbẹ́ igi.

Ti ọdún 1918 yàtọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni ọkọ̀ òkun gbé àrùn influenza wọ èbúté Èkó. Lúkúlúkú ni àwọn àgbà pè é, orúkọ àrùn tí ń pa adìyẹ. Ní Europe àti Amẹ́ríkà, àwọn dókítà ìgbà náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojú aláìsàn a máa dà bí òdòdó kan tí ń jẹ́ heliotrope, tí í ṣe elésè àlùkò, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá rí ọ́síjìn tó mọ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti rí bẹ́ẹ̀, wọ́n gbà pé ikú ti dé tòsí rẹ̀. Orúkọ tí àwọn àgbà wa fún àrùn náà kò ní àwọ̀ kankan nínú. Adìyẹ tí orí rẹ̀ ń tẹ̀, tí ó ń sun oorun àìsùn, ni wọ́n rí.

Mo ti ronú púpọ̀ lórí ìyàtọ̀ yìí. Èdè Yorùbá kò ṣàìní ọ̀rọ̀ fún awọ. A ní làpálàpá, a ní kúrúnà, a ní ẹ̀tẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ń lò nígbà tí nǹkan bá ṣe awọ: ó ń yún, ó ń ta, ó ń jó, ó ń ro, ó lé, ó wú, ó le, ó kú. Nínú mẹ́jọ wọ̀nyí, kò sí èyí tí ó jẹ́ ti àwọ̀. Ohun tí aláìsàn ń mọ̀ lára ni mẹ́rin àkọ́kọ́, ohun tí ọwọ́ lè bá nílẹ̀ ni mẹ́rin ìkẹyìn. Èdè ìṣègùn òyìnbó, ní tirẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti orí pupa. N kò sọ pé tiwa sàn jù. Ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ nìkan kò ní í rí iṣan tí ó bàjẹ́ nínú awọ tí ó dán, bí ti New York. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn baba wa kọ́ èdè wọn lára awọ tí wọ́n ní, àwọn òyìnbó náà kọ́ tiwọn lára èyí tí wọ́n ní, ṣùgbọ́n ìwé ti ẹnì kan ni a fi kọ́ gbogbo dókítà, títí kan àwọn tí a kọ́ ní Ìdí-Àràbà àti ní Ìbàdàn.

Ní oṣù kìíní ọdún 2021, nígbà tí àrùn náà padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ó mú ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Ajah. Ìyàwó rẹ̀, tí a ń pè ní Màmá Ìbejì, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan tí kò jìnnà sí wọn. Wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan há a ní ìka ọwọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀rọ yìí, nítorí pé iṣan ẹ̀jẹ̀ inú awọ ni òun náà ń kà. Takuo Aoyagi, ará Japan tí ó kú ní oṣù kẹrin ọdún 2020 gan-an, ni ó ronú kan ọgbọ́n rẹ̀ ní bí ọdún 1974. Ìmọ́lẹ̀ méjì, ọ̀kan pupa, èkejì tí ojú kò lè rí, ń gba inú ìka kọjá; bí ẹ̀jẹ̀ bá ti gbé ọ́síjìn tó ni ó ń pinnu bí ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò ṣe kù tó ní ìhà kejì. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ náà gbọdọ̀ kọ́kọ́ la awọ kọjá, awọ dúdú sì ń gba díẹ̀ lára rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, Michael Sjoding àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Michigan fi ohun tí ẹ̀rọ náà sọ wé ohun tí ẹ̀jẹ̀ tí a fà fúnra rẹ̀ sọ. Nínú àwọn tí ẹ̀rọ ní tiwọn wà láàárín 92 sí 96, èyí tí kò ba ènìyàn lẹ́rù púpọ̀, ìdá 11.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aláwọ̀ dúdú ni tiwọn kò tó 88 ní tòótọ́. Ti aláwọ̀ funfun jẹ́ 3.6.

Ẹ̀rọ tí ó há ẹ̀gbọ́n mi ní ìka sọ pé 94. Wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé, kí wọ́n máa mu omi. Màmá Ìbejì ní òun kò lọ. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ètè Bàbá Ìbejì. Ètè wọn kọ́ nìyí." Nọ́ọ̀sì náà wò ó, ó ní òun kò rí nǹkan kan. Kò purọ́, ètè dúdú ni ó rí. Màmá Ìbejì ní ètè náà ti ṣe bí ẹni pa eérú, àti pé èékánná wọn náà kò rí bí ó ti yẹ, àti pé ọwọ́ wọn ti tutù jù. Àríyànjiyàn náà pẹ́. Nígbà tí ó rí i pé wọn kò gbọ́, ó gbé ọkọ rẹ̀ sínú mọ́tò, ó sì gba ojú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ wá sí ìhà Èkó, sí ilé ìwòsàn mìíràn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ láti inú iṣan ọwọ́ rẹ̀ wò. Kò tó 85. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ó fi wà lórí ọ́síjìn. Ó wà láàyè. Òun nìyí lórí ìjókòó kejì, tí ó ń bínú pé mo ń sọ ọ̀rọ̀ òun ní gbangba.

Nǹkan ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2020, ọmọ Zimbabwe kan tí ó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní London, Malone Mukwende, pẹ̀lú àwọn olùkọ́ rẹ̀ méjì, ṣe ìwé pẹlẹbẹ kan tí ń fi àmì àìsàn hàn lára awọ dúdú àti awọ aláwọ̀ igi. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo gbé e lọ fún Màmá Ìbejì. Ó ṣí i, ó wo àwọn àwòrán rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì ní, "Ẹni tí ó bá ti ń wo ojú ènìyàn fún ọdún méjìdínlógójì, ṣé ó tún nílò ìwé?" Mo sọ fún un pé nọ́ọ̀sì kò gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ fún ọdún méjìdínlógójì.

Ó dákẹ́. Ó wá wọ yàrá lọ, ó mú ìwé tí ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ kọ ní alẹ́ ọjọ́ náà jáde, èyí tí ó ti tọ́jú sínú Bíbélì. Orúkọ, ọjọ́ orí, ìgbóná ara, iye 94. Ní ìsàlẹ̀, wọ́n ti tẹ ìbéèrè kan síbẹ̀ nípa àwọ̀ aláìsàn, pẹ̀lú àpótí kékeré mẹ́ta tí a ó mú ọ̀kan nínú wọn: pupa fẹ́ẹ́rẹ́, funfun, tàbí búlúù. Ẹnì kan ti fi yíǹkì sàmì sí pupa fẹ́ẹ́rẹ́.